Ẹnu Tí A Yá Ẹ̀rọ Ìṣirò

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Odigbo, ayò tí kò bá ní èébú nínú, a kì í kà á sí ayò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ ọ́n: bí ọ̀ta tó mọ ayò ta bá ti ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bú òpè tí kò mọ̀ ọ́n ta, òpè náà á sì máa fèsì. Bàbá àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, àti ọ̀rẹ́ wọn láti Omifunfun a máa bú ara wọn lábẹ́ igi máńgòrò títí púpurù, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, á fi tutù.

Ọ̀rẹ́ yìí kú. Bàbá àgbà ò tayò mọ́, wọn ò sì fẹ́ jẹun mọ́. Bí mo bá gbé púpurù àti ọbẹ̀ ẹja lọ, wọ́n á fọwọ́ júwe pé kí n gbé e padà. Ẹ̀rù ń bà mí pé a ó tún sìnkú.

Ìgbà owó epo rọ̀bì nìyẹn, wọ́n ń la ọ̀nà ńlá gba Òrè. Bọ̀dá Káyọ̀dé, àbúrò ìyá mi, ń ṣe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìṣirò kan tó wọ àtẹ́lẹwọ́, tí èèyàn lè kọ́ níṣẹ́. Wọ́n kọ́ ọ láyò. Lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n gbé ọpọ́n síwájú Bàbá àgbà, wọ́n fi mí ṣe ọwọ́ ẹ̀rọ: màá tẹ nọ́ńbà ihò tí Bàbá àgbà bá ta sínú rẹ̀, nọ́ńbà pupa tó bá yọ lójú rẹ̀ ni ihò tí màá kó ọmọ ayò rẹ̀ tà. Ó máa ń ronú pẹ́, èèyàn á bó ẹ̀gẹ́ tán kó tó fèsì. Àmọ́ ó mọ ayò. Ó jẹ Bàbá àgbà, ó tún jẹ wọ́n. Kò sí èébú kankan níbẹ̀, wọ́n ti fẹ́ dìde.

Bọ̀dá Káyọ̀dé bá sọ sí mi létí pé ẹ̀rọ ò lẹ́nu, kí n yá a ní tèmi. Èmi, kí n bú Bàbá àgbà! Mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná.

"Ẹ má bínú sà, Bàbá. Òpè ni yín."

Ìyá mi ti ki ìgbálẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá àgbà wò mí, wọ́n wo ẹ̀rọ, èjìká wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì fún ẹ̀rín.

"Ta ni òpè? Ìwọ ẹ̀rọ tí o ò lọ́wọ́, tí ọmọdé ń ta ayò fún? Ẹ gbé oúnjẹ mi wá, kí n lè rí agbára na òpè yìí!"

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Ara tù mí débi pé mo sáré lọ sílé ìdáná láì tíì dìde tán. Wọ́n jẹun, wọ́n lá àwo.

Lónìí, inú fóònù làwọn ọmọ mi ti ń tayò. Ó yára, ó ń kọrin, wọ́n á sì ta á tán láìgbin. N kì í bá wọn jà. Àmọ́ bí mo bá rí i pé ọ̀kan nínú wọn dákẹ́ jù, màá jókòó tì í, màá pè é ní òpè, màá sì dúró títí yóò fi bú mi padà.