Ọjọ́ Tí A Dìbò Ìwé Lẹ́nu Géètì

Ọdún kejì lẹ́yìn tí kòrónà rọlẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní ilé iṣẹ́ ike kan láàárín Ṣàngó Toll Gate sí Ìyànà Ìyẹsí. Ẹ̀ka tí a ti ń di ọjà sínú páálí ni mo wà, èmi sì ni akọ̀wé àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wọ ẹgbẹ́ báyìí máa ń bi mí pé ìjà wo ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ máa ń rò pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ nítorí owó oṣù ni màá dárúkọ. Rárá o. Ìjà ìwé ni.

Ilé iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ní yàrá kan tí wọ́n ń kó páálí àlòkù sí tẹ́lẹ̀, pé kí a fi ṣe yàrá ìkàwé. Oríkò ẹgbẹ́ ní àwọn yóò ra ìwé sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwa mú orúkọ ìwé wá. Alága wa kọ tirẹ̀: ìtàn ọ̀gágun, ìtàn olówó, ìtàn àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù. Kò sí obìnrin kankan nínú gbogbo rẹ̀, yálà ẹni tó kọ ìwé tàbí ẹni tí wọ́n kọ ìwé nípa rẹ̀.

"Alága, gbogbo ìwé yìí, obìnrin ò sí ńbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Bọ̀sẹ̀, ìwé ò lákọ, kò lábo. Ẹ sáà máa kà á."

"Tí kò bá lákọ tí kò lábo, ẹ jẹ́ ká kó ti obìnrin nìkan wá nígbà yẹn."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ràṣídá ló bá wa kọ orúkọ ìwé tiwa. Ọmọ Ìwó ni, ọmọdébìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Kásúà ni. Kásúà kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kò sì lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, bó ti wù kó pẹ́ tó nídìí iṣẹ́. Ìyá kan tó ń tàwé ní Ìyànà Ìyẹsí máa ń yá a ní èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bó bá ti lè dá a padà láìdọ̀tí. Orí ìlà àyẹ̀wò ló sì ti máa ń kà wọ́n sí wa létí.

Ìlà yẹn gba àlàyé. Tí a bá ṣíwọ́ iṣẹ́ ní aago mẹ́rin, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ara àti báàgì gbogbo wa wò lẹ́nu géètì, kí ẹnikẹ́ni má bàa jí ọjà gbé. Ẹ̀ṣọ́ ọkùnrin mẹ́rin ló ń yẹ àwọn ọkùnrin wò. Ẹ̀ṣọ́ obìnrin kan ṣoṣo ló ń yẹ gbogbo àwa obìnrin wò. Àwọn ọkùnrin á ti délé, àwa á ṣì wà nínú oòrùn. Ibẹ̀ la ti gbọ́ ìtàn obìnrin kan tó ń ṣe wẹ́dà, èyí tí ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Lọ́jọ́ tí a kà dé ibi tí wẹ́dà náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ rẹ̀ síta, ariwo tí a pa, àwọn awakọ̀ tírélà yọjú wò wá. Ibẹ̀ náà la ti gbọ́ ti nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ ìrírí ara rẹ̀. Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa kí n tó gbọ́ nínú ìwé pé ẹsẹ̀ máa ń wú obìnrin tó bá dúró sídìí iṣẹ́ láti àárọ̀. Mo ti rò pé ẹsẹ̀ tèmi nìkan ni. Mo sunkún lórí ìlà lọ́jọ́ náà, kò sì tì mí lójú.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló kún inú orúkọ tí a kọ. Bí wọn ò bá wọlé lẹ́ẹ̀kan yẹn, wọn ò ní wọlé mọ́.

Alága ní kí a dìbò ní aago mẹ́rin àbọ̀, níbi ìgbọ́kọ̀sí tó wà níta géètì. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé tirẹ̀ á tò sọ́tùn-ún, ẹni tó bá fẹ́ tiwa á tò sósì. Ẹ ti mọ ibi tí àwa máa ń wà ní aago mẹ́rin àbọ̀. Nígbà tí mo fi jáde, wọ́n ti kà á, wọ́n ti pàtẹ́wọ́.

"Alága, a kì í fárí lẹ́yìn olórí!"

"Olórí ló pẹ́," ó dá mi lóhùn. "Ta ló ní kẹ́ ẹ máa rọra rìn?"

Inú bí mi gan-an. Mo kọ̀wé ẹ̀sùn sí Akọ̀wé Àgbègbè, bàbá jẹ́jẹ́ kan tó jẹ́ ọ̀gá Alága nínú ẹgbẹ́. Ó ní kí a tún ìbò náà dì lójú òun. Alága gbà, ó sì tún mú aago mẹ́rin àbọ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí kan náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n sáré tí iṣẹ́ bá ti parí. Ràṣídá fà mí láṣọ.

"Mọ́mì, kí la fẹ́ sáré fún? Ṣebí ìlà ni wọ́n ní ká tò. A ti máa ń tò tẹ́lẹ̀ náà."

Nígbà tó di aago mẹ́rin, a tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbọọrọ, a sì dúró síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sún mọ́ tábìlì àyẹ̀wò. Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ jágbe mọ́ ẹ̀ṣọ́ obìnrin wa, ọmọ Warri, pé kí ló ń dúró wò.

"Oga, nobody never reach my table," obìnrin náà fèsì, ó ká apá rẹ̀ mọ́ra. "Who I go search?"

Mo figbe ta láti inú géètì sí Akọ̀wé Àgbègbè tó ti dúró níbi ìgbọ́kọ̀sí. "Akọ̀wé, ìlà òsì rèé o! Ẹ wá kà wá!"

"Ìlà àyẹ̀wò nìyẹn!" Alága ké. "Kì í ṣe ìlà ìbò!"

"Ṣé wọn ò tò ni?" Akọ̀wé bi í.

"Wọn ò sí níbi ìgbọ́kọ̀sí, sà."

"Kí ni ò jẹ́ kí wọ́n débẹ̀?"

Akọ̀wé gba ẹnu ọ̀nà kékeré wọlé, tòun ti bírò àti ìwé. Ibi tí inú mi ti ń dùn ni Alága ti tún dé lẹ́yìn rẹ̀.

"Kásúà wà láàárín wọn o! Bẹ́ ẹ bá ka kásúà kan, ìbò yẹn ti bàjẹ́."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ràṣídá bá jáde kúrò lórí ìlà. Ó fi bébà tí a kọ orúkọ àwọn ìwé wa sí lé mi lọ́wọ́. "Mọ́mì, ẹ bá mi dì í mú." Àwọn kásúà yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n lọ dúró sábẹ́ igi. Ìlà wa kúrú lójú gbogbo ayé.

Ìgbà náà ni Bàbá Jídé, tó ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tí a fi ń gbé ẹrù, kúrò lórí ìlà Alága. Ó wọ inú géètì wá, ó dúró sẹ́yìn mi.

"Bàbá Jídé, ibo lẹ̀ ń lọ?" Alága ń pariwo.

"Ọmọbìnrin mẹ́rin ni mo bí," bàbá náà sọ. "Ẹ sún síwájú díẹ̀, Ìyá Bọ̀sẹ̀."

Àwọn ọkùnrin mìíràn tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan, èjì èjì. Akọ̀wé kà wá, ó tún wa kà. Ènìyàn mọ́kànlá la fi borí. Ariwo tó sọ, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ nílé iṣẹ́ yẹn rí. Ẹ̀ṣọ́ obìnrin wa fi tábìlì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń jó. Èmi tí orúnkún ń dùn, mo bẹ́ sókè bí ọmọdé.

Ìwé dé, wọ́n kún pẹpẹ méjì. Lọ́jọ́ tí a ṣí yàrá náà, Alága ní ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló lè yá ìwé. Mo ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ lójú rẹ̀, mo kọ orúkọ Ràṣídá sí ìlà àkọ́kọ́. "Ẹ lọ fẹjọ́ mi sùn," mo sọ fún un. Kò lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ iṣẹ́ wa ló ń yá ìwé níbẹ̀.

Mo pàdánù ipò akọ̀wé àwọn obìnrin nínú ìdìbò tó tẹ̀ lé e. Alága rí sí i. Kò dùn mí. Ràṣídá náà ti kúrò níbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé kan ní Alápòtì. Mo gbọ́ pé ó ṣì ń kàwé sókè bíi ti àtijọ́.

Ṣùgbọ́n kásúà ò tíì ní ìbò nínú ẹgbẹ́ wa títí di òní. Nígbà tí ẹ bá wọ yàrá yẹn tí ẹ sì mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà, ẹ rántí pé ìlà wa borí nítorí pé àwọn kan gbà láti kúrò lórí rẹ̀. A ò tíì pè wọ́n padà.