Ìran Tí Aṣojú Wa Mú Ṣẹ

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìdìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó jẹ́ wòlíì, dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa ní Ìlútítun. Ó ní òun rí i lójú ìran pé àga ẹkùn wa kò ní kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba. Èmi kò gbà. Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn tó ń fún epo ń sọ nípa ọ̀nà oko wọn, kò sì jọ ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ dìbò fún ìjọba.

Èmi ni mo jàre. Ọmọ ẹgbẹ́ alátakò ló wọlé. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fi díẹ̀ pọ̀ jù nílé aṣòfin, wọ́n sì ní àwọn ni yóò yan Abẹnugan.

Ni àwọn obìnrin ibi ìfúnpo bá bẹ̀rẹ̀: “Wòlíì ìjọba, ṣé òjò á rọ̀ lónìí? Tẹ́ ẹ bá ní á rọ̀, ká lè sá aṣọ!”

Àwọn alàgbà ìjọ ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní kó lọ jókòó sẹ́yìn, kó má ríran mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Iwájú ìjọ nìkan ni wọ́n ti ń dìde fún un.

“Ohun tí mo rí ni mo sọ,” ló wí fún mi. Oúnjẹ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Kí wọ́n tó yan Abẹnugan, aṣojú wa àti àwọn mélòó kan sọdá sínú ẹgbẹ́ ìjọba. Ẹgbẹ́ tí a fi ìbò lé lọ tún gba ilé padà. Mo gbé e yẹ̀ wò títí. Fìlà ẹgbẹ́ tí ọkùnrin náà ń dé nìkan ni mo rí pé ìbò wa yí padà.

Ó wá dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. “Ẹ̀yin èèyàn mi,” ó ní, “Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀ níbí. Ta ni mo jẹ́, tí màá sọ wòlíì Rẹ̀ di òpùrọ́?”

Halelúyà sọ. Àwọn alàgbà fúnra wọn ló fa ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́wọ́ wá síwájú.

Bí a ti ń lọ sílé, mo ní: “Màmá, ṣé ẹ rí i pé ìran yín ni ọkùnrin yẹn fi ṣe àwáwí?”

“Mo rí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá mi padà síwájú. Ìwọ náà, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n jókòó níbẹ̀.”