Ọwọ́ Tó Ń Yí Pupuru

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ta ló gbọ́n jù: ẹni tó sá fún èéfín títí dé òkè òkun, àbí ẹni tó ṣì jókòó tì í? Ẹ má tíì dáhùn. Èmi ni ẹnì kejì.

Nílé wa ní Erinje, òórùn pupuru, ẹ̀gẹ́ tí a ń fi èéfín yan, ló máa ń jí wa. Ìyá mi á ti to gbogbo ẹ̀ sórí àjà, róbótó-róbótó bí orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, iná á máa rú èéfín nísàlẹ̀. Èmi ni mo máa ń yí i kó má baà jó. Omi á máa dà lójú mi, imú náà ò ní gbẹ́yìn. "Ẹni tó máa jẹ pupuru ò gbọ́dọ̀ bínú sí èéfín," Ìyá á wí bẹ́ẹ̀, ojú tiẹ̀ náà á pọ́n bí epo.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn ọmọ Àyèká fẹ́ wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù. Èmi ni gólìkípà. Mo máa ń dijú tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, àmọ́ èmi ni mo ni bọ́ọ̀lù. Tùyì, ọmọ kátíkíìsì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, ní òun á ṣe ọwọ́ tí á bá mi yí pupuru. Ó so igi imọ̀ ọ̀pẹ pọ̀, ó fi tíúbù kẹ̀kẹ́ ṣe iṣan, ó ní kí n fa okùn tí òun so mọ́ ọn. Mo fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Ọwọ́ náà gbé pupuru kan, ó yí i, ó dá a padà. Mo ti ń jó. Nígbà kejì, ó gbá gbogbo àjà dànù sínú iná.

Ọwọ́ tí Ọlọ́run dá ni Ìyá fi dá mi lóhùn. Mo sunkún dé pápá, wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ mi. Tùyì ò tẹ̀ lé mi. Ó jókòó ti eérú, ó ń bi ara ẹ̀ pé, "Kí ló dé tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró?"

Ìbéèrè yẹn náà ló ń jẹ Tùyì lọ́kàn títí tó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì òyìnbó. Ó ń kọ́ ọwọ́ irin bí wọ́n ṣe ń gbé ẹyin láìfọ́ ọ, bí ẹni pé adìẹ wá fẹjọ́ sùn. Nígbà tó wálé, ó mú fọ́tò ọwọ́ irin náà wá. Ìyá, tí èéfín ti gba ojú ẹ̀, fọwọ́ pa fọ́tò náà títí. "Tùyì ọmọ mi, ṣé ó ti lè yí pupuru?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wolẹ̀. Ó ní ooru iná ò bá wáyà ẹ̀ mu, ó kù díẹ̀.

Díẹ̀ yẹn ò tíì pé. Èmi oníwèé mẹ́fà wá ń fi í ṣẹ̀sín, èmi tí ìbéèrè mi ò ju "Oúnjẹ dà?" lọ. Ọmọ tó ń fa okùn ọjọ́ náà ni mo ṣì jẹ́, irùngbọ̀n nìkan ló lé, ojú mi náà sì ti ń—

"Bàbá Ṣadé," ìyàwó mi ké sí mi, "pupuru ń jó. Ẹ dìde, ẹ lọ yí i."