Màmá Tó Fi Mí Sílẹ̀ Lọ́nà Emùré

Ẹ̀yin ará, pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni mo fi kéde pé ìyá àgbà kan fi eré sísá na èmi eléré ọ̀nà jíjìn lónìí.

Mo ń sáré láti Ìsẹ̀ lọ sí Emùré. Màmá kan tó ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko rí mi.

"Kí ló ń lé ọ?"

"Kò sí nǹkankan, mà."

Ó wo ẹ̀yìn mi, kò rí nǹkankan. "Ohun tí kò ṣe é dárúkọ nìyẹn."

Ó sọ ẹ̀gẹ́ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Màmá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé."

"Tá a bá dé ulé, wà á ṣàlàyé."

Kí n tó dé Emùré, ó ti jókòó, ó ń mumi.

Ṣé mo ṣì lè pe ara mi ní eléré?

ÌKÉDE: Màmá ti pàṣẹ pé kí n padà lọ ru ẹ̀gẹ́ wá, kí n sì rọra rìn.