Agolo Kòkó Bàbá Mi

Mi ò tíì rí ẹni tó gba agolo gbọ́ bíi bàbá mi. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí kòkó mímu wọ yàrá wa ní Ìsọlọ̀, a ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án kí wọ́n tó ka ara agolo: kòkó, mílíìkì, ṣúgà. Tó bá sì ti ṣófo, ìyá mi á da nǹkan míì sí i.

Lọ́jọ́ kan tí ìyá mi lọ ọjà Aswani, àlejò dé. Bàbá mi ka ara agolo fún un ketekete, wọ́n bù ú sómi gbígbóná. Kò dúdú tó, wọ́n tún bù sí i, wọ́n ń rò ó títí síbí fi dúró ṣánṣán. Èlùbọ́ ìyá mi ni!

Àlejò wo inú ife, ó ní: “Ẹ ṣeun, sà. Ọbẹ̀ ńkọ́?”