Ìbọn Kan Tí Bàbá Mi Fẹ́ Yìn Fún Ọ̀rẹ́ Wọn

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìjà mi, kó wá yin pápá ìbọn níwájú mi. Mo mọ ibẹ̀. Ó wà lẹ́yìn ìlú, bí èèyàn bá kọjá Agodi tó tún lọ díẹ̀ sí i, ibi tí àwọn olówó ti ń yìnbọn lu pátákó fún ìgbádùn ara wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo débẹ̀, èmi àti bàbá mi. Abọ́ ni mo ń tà nísàlẹ̀ òkè Mápó, ó ti pẹ́ tí mo ti ń tà á, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oníbàárà. Bí ẹni tó wá rajà bá fọ́ abọ́ mi, màá kọ́kọ́ bi í bóyá kò gé e lọ́wọ́ ná kí n tó bínú. Ohun tí wọ́n ṣe fún wa níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n ò ní í ṣe é fún olè.

Ọdẹ ni bàbá mi. Wọ́n ti darúgbó, ojú wọn ti ń ṣú, wọn ò wọ igbó mọ́, ṣùgbọ́n ọdẹ kì í fẹ̀yìn tì bíi tíṣà. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan tí àwọn méjèèjì jọ ń dẹ̀gbẹ́ láti ìgbà èwe. Ilé tiwa wà ní Bẹyẹrunka, ti ọ̀rẹ́ wọn wà ní Ọjà'ba, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnìkan nínú wọn kì í dé ilé ẹnìkejì. Wọ́n ti jọ ṣàdéhùn tipẹ́tipẹ́ pé ẹni tó bá gbẹ̀yìn nínú àwọn yóò yìnbọn kan sókè fún ẹni tó bá ṣáájú, kí wọ́n tó ṣàdúà ogójì ọjọ́. Ìbọn kan péré. Ìró yẹn ni òkú ọdẹ yóò gbọ́ tí yóò fi mọ̀ pé ẹnìkejì òun kò gbàgbé òun.

Ọ̀rẹ́ wọn wá kú. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà, bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbọn. Ṣakabùlà tiwọn ti lọ nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ẹni tó bá ní i wá kó o sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ìbọn bá dún láàárín ìlú lásìkò yìí, àdúgbò á tú, oníkálukú á ní ajínigbé ti dé. Oko ni ìbá dára, àmọ́ ta ni yóò gbé arúgbó gba ọ̀nà oko nínú ayé tí a wà yìí? Ìyàwó olóògbé wá ń ránṣẹ́ sí wa lójoojúmọ́: ṣé Àlàájì ti yìn ín? Ìyá náà gbà tọkàntọkàn pé títí ìbọn yẹn yóò fi dún, ọkọ òun ò ní í sùn. Oúnjẹ ò wọlé fún bàbá mi mọ́. Wọ́n á bu òkèlè kan, wọ́n á gbé abọ́ tì.

Ọmọ ilé wa kan ń ṣiṣẹ́ ní pápá ìbọn yẹn. Ẹ jẹ́ kí n là á kó yé yín: ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Bàbá tó bí i kú nígbà tó ṣì kéré, ó sì fi í lé bàbá mi lọ́wọ́ kó tó kú. Inú ilé wa ló dàgbà sí, abọ́ kan náà la fi jẹun. Bàbá mi ló kọ́ ọ ní ìbọn, bí wọ́n ti ń gbé e dání, bí wọ́n ti ń dá èémí dúró kí wọ́n tó fà á, àti gbogbo èèwọ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀kọ́ yẹn náà ló fi ríṣẹ́. Ó ti wá di ọkùnrin gidi, ó níyàwó, ó bímọ, àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá ló ń kọ́ ní ìbọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló yà nílé lẹ́yìn ìrun, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún un. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé nítorí èyí ni Bàbá ò ṣe jẹun? Ẹ gbé wọn wá lọ́la. Ẹ ṣe bí oníbàárà, ẹ wọlé bí oníbàárà, màá gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́. Lóòótọ́, òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹnu ìbọn sókè, àmọ́ mánijà wa kì í wá ní Sátidé. Wọ́n á yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó parí."

"Ṣé kò ní í kó bá ọ?"

"Kí ni yóò kó bá mi? Ta ló kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun?"

Mo ṣàdúà fún un. Bàbá mi náà fọwọ́ lé e lórí, wọ́n ṣàdúà títí ojú wọn fi kún fún omi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n jẹun tán, wọ́n tún ní kí n bù sí i.

Ní ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ máíkírà láti Ọjà'ba. Ẹ̀wù ọdẹ wọn ni bàbá mi wọ̀, ó ti ṣí, ṣùgbọ́n mo ti lọ̀ ọ́ fún wọn. Nígbà tí a débẹ̀, mo rí i pé èrò pọ̀. Àwọn kan tí ara wọn mọ́ jókòó sábẹ́ ibòji, wọ́n ń mu nǹkan tútù. Ọmọ ilé wa dúró láàárín wọn nínú yúnífọ́ọ̀mù dúdú. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó rìn wá bá wa pẹ̀lú ẹ̀rín tí n ò rí lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ ti yìnbọn rí sà?"

Bàbá mi ló ń bi bẹ́ẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, oríkì tí wọ́n fi ń jí i láàárọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó já lu ọ̀rọ̀ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibi iṣẹ́ la wà."

Ọ̀rọ̀ náà ò bá mi lára mu, àmọ́ mo sọ fún ara mi pé bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Mo sún mọ́ ọn, mo rọra bi í pé ṣé àdéhùn wa ṣì dúró. Ó mi orí sí mi pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, bí wọ́n bá jí mi lójú oorun màá búra sí i.

Ó mú wa dé ibi tí wọ́n ti ń yìn ín, ó gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan lé bàbá mi lọ́wọ́. Ẹ bá rí bàbá mi. Ọwọ́ tí kì í lè gbé ife tíì kó má dànù, ó dúró ṣinṣin. Wọ́n wo ìbọn náà lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, wọ́n wá bá ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ìwọ tí a jọ sùn nígbó, èmi rèé. Má bínú pé ó pẹ́." Wọ́n gbé ẹnu ìbọn sókè.

Ìgbà yẹn gan-an ni mánijà tó ní kì í wá ní Sátidé jáde láti inú ọ́fíìsì. Mi ò tíì rí i, ọmọ ilé wa ló rí i. Kíá, ó fò mọ́ bàbá mi, ó gbá ẹnu ìbọn mú, ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, fìlà bàbá mi sì já bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Bàbá, ṣé orí yín pé báyìí? Ta ló ní kí ẹ gbé e sókè? Ṣé ẹ fẹ́ pààyàn ni?"

Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ ibòji dìde. Bàbá mi ò fi ìdí ìbọn sílẹ̀, torí wọn kì í já ìbọn gbà lọ́wọ́ ọdẹ, ọmọ ilé wa náà ò fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Báyìí ni àwọn méjèèjì di í mú lọ́tùn-ún lósì nígbà tí mánijà dé, ọmọ tí mo lè bí. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò fi bọpobọyọ̀ rárá. Mo ní òṣìṣẹ́ rẹ̀ yìí ló ní ká wá, pé òun ló sọ pé kí bàbá mi yìn ín sókè lẹ́ẹ̀kan, pé inú ilé kan náà la ti jáde. Mánijà yíjú sí i, ó ní ṣé òótọ́ ni.

"Rárá sà," ni ọmọ ilé wa wí. "N ò mọ̀ wọ́n rí."

Ó gbọ́ ara rẹ̀. Èmi náà gbọ́ ọ. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo sì ń dá ara mi lọ́kàn le pé kò burú, bàbá mi wà níbẹ̀, irọ́ kì í pa àgbà lẹ́nu mọ́, wọ́n á dá a lóhùn. Mánijà náà yíjú sí wọn. Ó fi pẹ̀lẹ́ béèrè, n ò ní í purọ́ mọ́ ọn.

"Bàbá, ṣé ọmọ yìí bá yín ṣàdéhùn?"

Bàbá mi kọ́kọ́ fi ìbọn náà sílẹ̀. Wọ́n tú ọwọ́ wọn kúrò lára irin rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì, wọ́n nù ún mọ́ ara ẹ̀wù, wọ́n sún sẹ́yìn. Àwọn tó ń wò rò pé ẹ̀rù ló bà wọ́n. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdẹ, ọ̀rọ̀ náà yé mi, nítorí èèwọ̀ ni: ọdẹ kì í mú irin lọ́wọ́ kó parọ́. Kí wọ́n tó lanu ni mo ti mọ irú ohun tí yóò jáde.

"Kò bá mi ṣàdéhùn kankan," ni bàbá mi wí. "Ọmọbìnrin mi yìí ló tàn mí wá síbí. Irọ́ ló pa."

Mánijà wá kọjú sí mi. Mi ò ní í tún gbogbo ohun tó sọ sọ. Ó ní àgbà bíi tèmi ò gbọdọ̀ máa fi ẹ̀mí arúgbó ṣeré, ó ní ká má tún fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Ọmọ ilé wa ni wọ́n ní kó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń rìn lẹ́yìn wa bí ẹni ń sin ewúrẹ́ jáde lóko. Mo fi ọwọ́ ara mi gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára fìlà bàbá mi.

A wọ ọkọ̀ padà. Nígbà tí a dé Bẹẹrẹ, ara mi ò gbà á mọ́. Mo bi bàbá mi pé kí ni mo fi ṣe wọ́n.

"Ṣé o rí ọwọ́ rẹ̀?" ni wọ́n bi mí.

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ó di ẹnu ìbọn mú, ó ní òun ò mọ̀ mí rí. Ó mú irin lọ́wọ́, ó sẹ́ mi. Irin ò ríran, gbígbọ́ ló ń gbọ́. Bí mo bá ti sọ pé ó mọ̀ mí, mo ti jẹ́rìí mọ́ ọn létí irin, ohun tó ń pa ọdẹ tó bá parọ́ á sì pa á. Àbúrò mi fi í lé mi lọ́wọ́ kó tó kú. Ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi sin ín?"

"Èmi ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá mi kọjú sí títì.

"Ìwọ ò mú irin lọ́wọ́," ni wọ́n wí. "Kò sí ohun tí yóò ṣe ọ́."

Mo sunkún dé Bẹyẹrunka. Awakọ̀ rò pé òkú la lọ sin, ó ń kí mi kú ọ̀fọ̀.

Ogójì ọjọ́ pé láìsí ìbọn. A lọ ṣàdúà ní Ọjà'ba, ilé kún, àwọn àfáà jókòó. Ọmọ ilé wa ti ṣáájú wa débẹ̀, òun ló ń tẹ́ ẹní fún wọn, ara rẹ̀ yá. Kò tíì bẹ̀ mí, títí di òní kò bẹ̀ mí. Nígbà tí àdúà ń lọ sópin, ìyàwó olóògbé bá bàbá mi sọ̀rọ̀ láti ibi tó jókòó sí.

"Àlàájì, n ò gbọ́ ìró kankan o."

"Kò dún, ìyàwó wa," ni bàbá mi dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wá gbẹ́nu lé e. Ó ní ẹjọ́ Àlàájì kọ́, pé èmi yìí ni mo parọ́ mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti fi wọ́n ṣẹ̀sín, pé bí kì í bá ṣe ti ọmọ dáadáa tó wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ọlọ́pàá ni ì bá kó wọn. Ta ló sọ fún un? Ẹ má bi mí. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo wo bàbá mi. Mo ní ọmọ, mo ní ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n mo ń wò wọ́n bí ọmọdé tí wọ́n lù ní ilé ìwé.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni bàbá mi wí. "Ìṣe ọmọdé ni."

Opó náà wò mí tàánú-tàánú. Kò bínú. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní kí Ọlọ́run dárí irọ́ tí mo pa jì mí, kó sì fún ọkọ òun ní oorun.

Gbogbo ilé ní àmín. Mo gbọ́ ohùn ọmọ ilé wa láàárín wọn, ó ròkè dáadáa. Mo sì gbọ́ ti bàbá mi.