Koríko Èkó

Bàbá mi kò lè jókòó sídìí tábìlì kó má kọ́kọ́ fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gbá ojú rẹ̀. Ìdọ̀tí ìbáà wà níbẹ̀, ìbáà má sí, yóò nù ún lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ lọ sí iwájú, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ìyá mi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ òun ń gbálẹ̀ de ọbẹ̀. A fi rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wa, nígbà tó yá ojú wa kò rí i mọ́.

Ohun tí etí wa kò sinmi gbígbọ́ ni ìtàn ìdíje Èkó. Kò sí àlejò tó wọ ilé wa ní Tudun Wada ní Kaduna, tàbí ní Kakuri tí a kó lọ lẹ́yìn rògbòdìyàn tó pín ìlú sí méjì, tí kò gbọ́ ọ. Wọ́n lè má tíì fún un lómi. Bàbá mi á ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni mo ni ife ẹ̀yẹ yẹn? Wọ́n kàn gbé e fún ẹlòmíràn ni." Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí, tí n kò sì ní sùúrù, á dìde lọ sílé ìdáná. Mo ti mọ ibi tí ìtàn náà ń lọ: yóò parí sórí ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀, bàbá mi á sì fi òwe kan náà dé e: "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ gọ́ọ̀fù. Èèyàn á fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré láti ọ̀nà jíjìn títí yóò fi wọ inú ihò. Ihò méjìdínlógún ni, ẹni tí iye ìgbà tó fi gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù ló borí. Ní ilẹ̀ olómi bíi Èkó, koríko kúkúrú tó dán bíi kápẹ́ẹ̀tì ló máa ń yí ihò ká. Ṣùgbọ́n ní Kaduna nígbà èwe bàbá mi, oòrùn kò jẹ́ kí irú koríko bẹ́ẹ̀ hù. Iyanrìn ni wọ́n dà síbẹ̀, wọ́n fi epo dúdú tí wọ́n fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pò ó, kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ má baà gbé e lọ. Ẹsẹ̀ á tẹ iyanrìn, iyanrìn á sì rí gbágungbàgun. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò, yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ́ ojú ọ̀nà láti ibi bọ́ọ̀lù dé ẹnu ihò. Òfin ibẹ̀ gbà á láyè. Ẹni tí kò bá tiẹ̀ ṣe é, wọ́n á ní wọn kò kọ́ ọ nílé.

Lórí iyanrìn yìí ni bàbá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti di èèyàn. Ọmọ abúlé kan náà ni wọ́n, ní ẹ̀bá Kàbbà. Ọkọ̀ kan náà ló gbé wọn wá sí àríwá. Wọ́n ń ru àpò igi fún àwọn òyìnbó, wọ́n sì ń yá igi gbá nígbà tí àwọn olówó bá ti lọ sílé, títí àwọn náà fi di ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, tó ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun àti ọ̀gá ilé iṣẹ́ aṣọ. Yàrá kan ni wọ́n jọ ń gbé. Bàtà gidi kan ṣoṣo ni wọ́n ní láàárín ara wọn, ẹni tó bá ní ìdíje ló ń wọ̀ ọ́.

Wọn kò tíì bí mi nígbà tí wọ́n pe àwọn méjèèjì sí ìdíje ńlá ní Èkó, irú èyí tí àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ń ti òkè òkun wá sí, tí àwọn tẹlifíṣọ̀n sì ń yà. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n pín àwọn méjèèjì pọ̀, kálukú sì ń kọ iye ẹnìkejì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà eré náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti já sẹ́yìn, kò lè gba nǹkan kan mọ́. Bàbá mi ló wà níwájú gbogbo wọn. Nígbà tó ku ihò kan, bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà lórí koríko, kò jìnnà sí ihò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ọ̀nà, ó gbá a, ó wọlé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àfi bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe nawọ́ sókè pe adájọ́, tó ní òun rí i tí bàbá mi fi ọwọ́ gbá ojú koríko kó tó gbá bọ́ọ̀lù. Lórí koríko, èèwọ̀ ni. Wọ́n fi méjì kún iye rẹ̀. Ará Èkó kan sì fi ẹyọ kan borí rẹ̀.

"Ṣé ẹ fọwọ́ kàn án?" Mo bi í bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà.

"Èmi kẹ̀? Haba! Ta ni kò mọ̀ pé wọn kì í fọwọ́ kan koríko? Wọ́n ti ka òfin fún wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìlara ni, ọmọ mi. Ìlara ni."

Láti Èkó, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n padà sí Kaduna, wọn kò sì kí ara wọn mọ́. Bàbá mi kò gba ìdíje ńlá kankan lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà kò là. Ìgbà tí mo fi mọ̀ ọ́n, ilé ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń bá a tọ́jú ní Malali. Nígbà tí ìyá mi kú, ó wá sí Kakuri láti bá wa kẹ́dùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́. Bàbá mi kó ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Ohun tí mo rí ni mo sọ," ni ọkùnrin náà wí. "Èmi ni mò ń kọ iye rẹ. Bí mo bá dákẹ́, irọ́ ni ǹ bá fọwọ́ sí."

"Jáde nílé mi."

Èmi ni mo sìn ín dé ibi tó ti máa rí kẹ̀kẹ́ wọ̀. Ó ní, "Bàbá rẹ kò mọ̀ pé òun ṣe é. Ìyẹn ló ń dùn mí jù." Mo dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, sà." Mo rò ó nínú ara mi pé bí arúgbó tí ẹ̀rí ọkàn ń jẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ránṣẹ́ ikú rẹ̀ wá, bàbá mi ń jẹun. Ó ní, "Ó ti lọ jíhìn," ó sì jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò ní padà, ìyókù náà sì ń bọ̀ wá lọ. Bàbá mi kò bẹ̀bẹ̀ fún ojú. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ wá fún. "Tẹlifíṣọ̀n ya ìdíje yẹn. Ẹ bá mi wá a rí. Kí ojú yìí tó kú tán, kí n rí i pé n kò fọwọ́ kàn án."

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Èkó wá a títí. Níkẹyìn ó rí bàbá kan tó ń ya àwòrán fún tẹlifíṣọ̀n láyé ọjọ́un, tó sì tọ́jú fídíò náà sínú àpótí irin. Wọ́n gbé e sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tó fi dé, bàbá mi kò lè mọ̀ ju pé ilẹ̀ mọ́ tàbí ilẹ̀ ṣú.

"Má wò ó láìsí mi," ló wí. "Ojú rẹ ni mo máa yá."

A jókòó sídìí tábìlì lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Mo tẹ fídíò náà.

"Kí lo rí?"

"Mo rí èrò. Mo rí yín." Bàbá mi inú fídíò náà tín-ín-rín, kò tó mi lọ́jọ́ orí bí mo ṣe wà yìí.

"Fìlà wo ni mo dé?"

"Funfun."

"Ẹ̀hẹn! Ṣebí mo sọ fún yín!" Inú rẹ̀ dùn bíi tọmọdé.

Ọ̀dọ́kùnrin náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Ihò ló ń wò, kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ rárá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì jáde, ó gbá ojú koríko lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ lọ sí iwájú. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Ó pẹ́ kí ọwọ́ náà tó lọ sókè.

"Ó ti dé ibẹ̀?"

"Ó ti dé ibẹ̀."

"Ṣé mo fọwọ́ kàn án?"

Mo gbójú sókè. Ọwọ́ bàbá mi wà lórí tábìlì, ó ń gbá a bó ṣe ń dúró de èsì mi. Ìyá mi ì bá parọ́ fún un. Èmi kò lè ṣe é. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú kò ní ẹlòmíràn tó máa gbè é lẹ́sẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, Bàbá."

"Tún un wò."

Mo tún un wò. "Ẹ fọwọ́ kàn án." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú mọ́ tábìlì. "Báyìí gan-an ni. Bí ẹ ṣe ń ṣe nísinsìnyí."

Ọwọ́ náà rọ̀ wọ̀ọ̀ lábẹ́ tèmi.

"Ó ní òun rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Shikenan. Ó parí." Lẹ́yìn náà ó bi mí níbi tí wọ́n sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí. Mo ní wọ́n gbé e lọ sí abúlé. Ó ní kí n mú òun lọ. Mo rán an létí pé ajínigbé wà lójú ọ̀nà, kò sí awakọ̀ tó máa gbé wa, àti pé kò lè rí sàréè náà bí a bá tiẹ̀ dé ibẹ̀. Ó mi orí. Mo sunkún, mo sì dúpẹ́ pé kò rí mi.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé tùwó wá. Mo dúró kó gbá tábìlì, kò gbá a. Ó ti fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sábẹ́ itan, ó jókòó lé e. Mo ní, "Bàbá, oúnjẹ ti dé." Kò yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ṣe títí di òní. Èmi ni mo ń fi ṣíbí bọ́ ọ.